Omi Àlejò ní Baríà Ṣábẹ̀

Wọ́n ti fa aṣọ bo Ọlálẹ́yẹ lójú kí Barthélemy Ìlọ̀rí tó dé ilé ìwòsàn.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ òkú náà yọ díẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ti ọ̀tún wú ju ti òsì lọ, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Paramọ́lẹ̀ ló ṣán an nínú oko iṣu rẹ̀ ní Kaboua. Àgbẹ̀ gidi ni Ọlálẹ́yẹ, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń gbé orin ìsìn ró láti àga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Barthélemy tẹrí ba, ó gbàdúrà kúkúrú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí pé aṣọ ṣàndáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, ló wà lọ́rùn òun, àti pé iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n rán òun wá ṣe.

Ìyá Àwáwù, ìyá olóògbé, dúró ti ògiri ìta. Ó na ìka sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Obìnrin yìí ló pa á. Ẹ bi í léèrè ibi tó kó yìnyín sí."

Albertine jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tẹ́mọ́ọ̀sì pupa kan wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sunkún. Ó ti sun ún tán.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣí i," ó sọ fún Barthélemy. "Òùngbẹ gbẹ mí láti Parakú títí dé ibí, mi ò ṣí i."

"Ta ló wá ṣí i? Àǹjọ̀nú?" Ìyá Àwáwù yíjú sí ṣàndáàmù. "Ọ̀la la máa gbé ọmọ mi lọ sí Kaboua. Bí ẹni tó ṣí i kò bá jẹ́wọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ṣábẹ̀, obìnrin yìí kò ní bá wa débẹ̀. Kò ní bu yẹ̀pẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi sì ni àwọn ọmọ máa wà. Mo ti sọ ọ́."

 Albertine di tẹ́mọ́ọ̀sì náà mú.

Élisabeth, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú olóògbé, pe Barthélemy wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Oògùn ejò ti tán lọ́wọ́ wa tipẹ́," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé ọkùnrin náà kiri, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ ní èrìgì rẹ̀. Ìyàwó ni mo rán lọ sí Parakú láàárọ̀ àná. Wọ́n kó ìgò kéékèèké mélòó kan fún un, wọ́n kó yìnyín yí wọn ká títí dé ẹnu tẹ́mọ́ọ̀sì. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé. Nígbà tí mo ṣí i..."

"Kí lẹ bá?"

"Omi gbígbóná. Ó kún tó bẹ́ẹ̀ tó dà sí mi lọ́wọ́. Oògùn inú ìgò ti dàrú, ó funfun bí omi ògì. Mi ò lè gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rẹ̀. A kúnlẹ̀ tì í, a gbàdúrà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Kí la tún fẹ́ ṣe?"

"Ibo lẹ da omi náà sí?"

Ó fi abọ́ funfun kan hàn án. Barthélemy tẹ̀ wò ó. Nǹkan kan ti rọ̀ sísàlẹ̀ omi, èépá kéékèèké aláwọ̀ búlúù. Ó fi ìka kó díẹ̀, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ọ̀dà ni, irú èyí tó máa ń bó lára ohun èlò tánganran.

Ó dúró, ó rò ó. Bí yìnyín bá yọ́ nínú tẹ́mọ́ọ̀sì, omi tútù ló máa dà, kì í ṣe omi gbígbóná. Omi rẹ̀ kò sì ní kún dé ẹnu, nítorí àlàfo máa ń wà láàrin yìnyín. Ẹnìkan ti kó yìnyín yìí jáde. Ẹnìkan ti rọ omi mìíràn sí i. Bí tẹ́mọ́ọ̀sì sì ṣe ń pa òtútù mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pa ooru yẹn mọ́ sára oògùn títí tó fi bà á jẹ́.

Ó jáde lọ bá Albertine, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ibo ni ọwọ́ rẹ ti kúrò lára tẹ́mọ́ọ̀sì yìí?"

"Baríà nìkan, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ibòmíràn."

Gbogbo ará Ṣábẹ̀ ló mọ baríà náà, ọ̀pá irin tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà Parakú. Láti ọdún tí àwọn ajagun àjèjì ti balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu ni ìjọba ti ń sọ pé ọ̀tá wà níbi gbogbo. Láti ìgbà náà, kò sí àgbẹ̀ tí wọn kì í tú àpò rẹ̀. Èrò á sọ̀ kalẹ̀, á tú ẹrù, á dúró nínú oòrùn. Wọn á fi ṣóńṣó irin gún àpò gàrí. Wọn á ní kí abiyamọ tú ọmọ lẹ́yìn. Iṣu ti rà níbẹ̀, ẹja ti bàjẹ́, aboyún kan ti bí sí etí ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ pé wọ́n mú ọ̀tá kan. Àwọn èèyàn fi ẹjọ́ sun ìjọba, ìjọba ní òun gbọ́, ọ̀pá irin sì wà níbẹ̀.

"Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ní omi nínú, àwọn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nínú bíróò," Albertine ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ọmọ ológun kan tó ń jẹ́ Kamarou gbé e wọlé. Mo wí fún ajúdà, ọ̀gá baríà fúnra rẹ̀, pé oògùn ni, pé ọkọ mi ń kú lọ. Ó ní kí n lọ jókòó bíi ti àwọn tó kù. Ìgbà tí àwọn Mùsùlùmí kírun Àsárì tán ni wọ́n tó dá a padà fún mi."

Barthélemy mọ ajúdà náà. Clément ni. Àga iwájú ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí Barthélemy dé baríà. Ọkọ̀ mẹ́ta ti tò, ẹrù àwọn èrò wà nílẹ̀ kálẹ̀. Bàbá arúgbó kan di bàtà rẹ̀ méjèèjì mọ́wọ́, ó ń dúró de ẹni tí yóò yẹ̀ wọ́n wò.

"Ooru ni, Ìlọ̀rí," ni Clément wí. Ó fara ti tábìlì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. "Ooru ló yọ́ yìnyín. Ṣé kí n lọ mú oòrùn, kí n tì í mọ́lé fún ọ?"

"Omi inú rẹ̀ gbóná, ajúdà. Ta ló wà nínú bíróò pẹ̀lú tẹ́mọ́ọ̀sì náà?"

"Kò wọ bíróò rárá. Èmi ní àlejò nínú bíróò lánàá. Orí tábìlì yìí ló wà, lábẹ́ igi máńgòrò, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bi Kamarou."

Kamarou jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí aṣọ ológun tóbi jù fún. "Orí tábìlì yìí ló wà," ó ní, "lábẹ́ igi máńgòrò, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án."

Barthélemy wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ láìyẹ̀. Ó ṣí ewé tó fi di èépá ọ̀dà, ó fi hàn wọ́n. Ojú Clément kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kó tó padà. Barthélemy tẹ̀lé ojú náà. Búútà àlùwàlá kan wà lórí páànù nínú oòrùn, tánganran búlúù, ẹnu rẹ̀ ti bó.

"Ti Issa nìyẹn," ni Clément yára sọ. "Èmi kì í lo búútà, ìwọ náà kì í lò ó. Òun ló ń fi í ṣe àlùwàlá nínú wa. Ó ti yé mi báyìí. Kamarou, lọ ti Issa mọ́lé."

"Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ná."

"Bá a sọ ọ́ nínú àtìmọ́lé."

Issa, ọmọ ológun baríà náà, ti lé lógójì ọdún. Yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù tí wọ́n gbà sí ni wọ́n tì í mọ́. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì onírẹsì, ètè rẹ̀ gbẹ nítorí ààwẹ̀.

"Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í mu yìnyín lọ́sàn-án, ọ̀gá," ó ní.

"Ó lè tọ́jú rẹ̀ de ìṣínu."

Issa rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sínú kí ni? Àpò ṣòkòtò mi? Kó tó di ìṣínu, gbogbo ayé á ti rò pé mo tọ̀ sára."

Barthélemy pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rín in. "Omi búútà rẹ ló wà nínú tẹ́mọ́ọ̀sì, Issa."

"Ẹ dúró ná." Issa dìde. "Lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo pọn omi kún búútà yẹn fún Àsárì, mo gbé e sórí páànù. Nígbà tí Àsárì tó, mo gbé e, ó ṣófo. Ọ̀dọ̀ Hélène oníṣu díndín ni mo ti lọ tọrọ omi àlùwàlá. Ẹ bi í. Ta ló máa da omi ìrun ara rẹ̀ nù, kó tún máa tọrọ omi ẹlòmíràn kiri?"

Hélène ń din iṣu lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Àwọn èrò tí wọ́n dá dúró ló ń tà fún.

"Òótọ́ ni," ó ní, kò gbójú kúrò nínú epo. "Ó ń kùn bí ìyálé tí wọ́n jí ọbẹ̀ rẹ̀ kó. Ó ní èṣù ti mu omi òun. Mo bu omi fún un. Ẹ fẹ́ ra iṣu?"

"Mo fẹ́ mọ̀ nípa àlejò ajúdà."

"Ọ̀gá ńlá tó wá nínú mọ́tò funfun? Kámárádì Olùbẹ̀wò ni wọ́n ń pè é. Mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ife mi ni mo mọ̀ pé ó lò." Ó nu ọwọ́. "Kamarou wá yá ife dígí méjì lọ́wọ́ mi, èyí tí mo tọ́jú láti ìgbà ìgbéyàwó mi. Nígbà tó dá wọn padà, inú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n ìta wọn ń làágùn. Mo fi ọ̀kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, ó tutù, ó dùn mọ́ mi. Mo rò pé ó fọ̀ wọ́n ni."

Barthélemy mú ife kan lórí pẹpẹ, ó yí i lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìjì ti wó òpó iná ní Ṣábẹ̀, kò sí fíríìjì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìlú. Omi àmù kì í mú ife làágùn lóde. Yìnyín nìkan ló lè ṣe é.

Ó padà lọ pe Kamarou sí ẹ̀yìn igi.

"Jókòó."

"Mo fẹ́ dúró, ọ̀gá."

"Issa wà nínú àtìmọ́lé nítorí búútà tí kì í ṣe òun ló dà á. Òun ló ń ṣínu pẹ̀lú rẹ lójoojúmọ́, àbí? Ṣé o máa bá a ṣínu lónìí?"

Kamarou jókòó. Ìsàlẹ̀ ló ń wò.

"Èmi ni mo gbé tẹ́mọ́ọ̀sì wọ bíróò. Ajúdà ṣí i, ó rí yìnyín. Mọ́tò àlejò ń wọlé lọ́wọ́. Ó ní kí n lọ wá ife tó dára. Nígbà tí mo gbé e dé, ó gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n dúró síta. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé búútà wá, pé àlejò fẹ́ fọ ọwọ́."

"Ṣé ó fọ ọwọ́?"

"Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni kò fọ nǹkan kan."

Clément nìkan ló wà nínú bíróò nígbà tí Barthélemy wọlé. Barthélemy ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ fìlà, ó sì gbé ife dígí Hélène sórí tábìlì.

Clément wo ife náà títí. Kò bínú.

"Kamarou ti sọ ọ́," ó ní.

"Ife ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ajúdà. Omi inú tẹ́mọ́ọ̀sì gbóná, ó sì kún, nítorí náà ẹnìkan ló pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà búútà wà nínú rẹ̀. Issa kì í ṣe ẹni tí yóò da omi ìrun ara rẹ̀ nù. Ife méjì tutù níbi tí yìnyín kò sí, inú bíróò yìí ni wọ́n sì ti jáde. Ẹ̀yin àti àlejò nìkan lẹ wà nínú rẹ̀."

"Àlejò kò mọ nǹkan kan."

"Ẹ̀yin ni, nígbà náà."

"Èmi ni." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Ìlọ̀rí, àlejò wọlé tọ̀ ọ́, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Omi ni wàá bù fún un. Ìyá mi ò kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Ọkùnrin yẹn ti Kútọnu wá nínú ooru yìí. Omi àmù mi gbóná bí ìtọ̀. Mo ṣí tẹ́mọ́ọ̀sì, mo rí yìnyín, mo ní Ọlọ́run ti pèsè."

"Obìnrin náà wí fún yín pé oògùn ni."

"Mi ò fọwọ́ kan oògùn. Àwọn ìgò rẹ̀ wà níbẹ̀ pérépéré. Mo ní omi ni wọ́n wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi náà ni kí wọ́n wà. Omi ni mo mú, omi ni mo dá padà. Mo tiẹ̀ rọ ọ́ kún dé ẹnu, kí n má bàa rẹ́ obìnrin náà jẹ." Ohùn rẹ̀ já. "Mo rò pé mo ti san án padà, Ìlọ̀rí."

 Barthélemy rántí ọba kan nínú Bíbélì tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi ẹ̀mí wewu lọ bu omi fún, tó wo omi náà, tó sì kọ̀, tí kò mu ún.

"Kí ni àlejò yẹn wá ṣe?" ó béèrè nígbẹ̀yìn.

"Ẹjọ́ ló wá gbọ́. Gbogbo ẹjọ́ tí àwọn èèyàn fi sun nípa baríà yìí. Mo ní bí ara rẹ̀ bá tù ú díẹ̀, kò ní lé mi kúrò níbí. Ọmọ mẹ́fà ni mo ní." Ó gbójú sókè. "Òun náà ló máa gba ìwádìí rẹ. Ṣé o mọ̀?"

"Ẹ wá sọ ọ́ fún ìyá Ọlálẹ́yẹ. Èyí nìkan ni mo bẹ̀ yín. Wọ́n fẹ́ gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ Albertine."

Clément mi orí díẹ̀díẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́, mo ti sọ pé ọ̀gá mi mu oògùn ẹni tó ń kú lọ."

Kámárádì Olùbẹ̀wò ń múra àtilọ nígbà tí Barthélemy bá a nílé àlejò ìjọba. Ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ ni. Ó ní kí Barthélemy jókòó, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ife, ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀.

"Omi yẹn tutù," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo tiẹ̀ béèrè kún un."

 Awakọ̀ rẹ̀ ti ń gbé àpótí sínú mọ́tò.

"Mo ti sọ fún Kútọnu pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa ní baríà yẹn," ni Olùbẹ̀wò tún wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa á dà? Kí n ní kí ni? Kámárádì, wọn ò ní fi ìyà jẹ ajúdà rẹ nìkan. Ìwọ náà ní ìdílé. Tú ọkùnrin oníbúútà yẹn sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Kọ ọ́ pé ooru ló ṣe é. Ooru sì ni, tí èèyàn bá wò ó dáadáa."

"Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní apànìyàn, ọ̀gá."

"Bá mi kí i. Bá mi kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wọ mọ́tò, mọ́tò sì lọ.

Wọ́n tú Issa sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹnubodè létí odò Okpara, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé pósí Ọlálẹ́yẹ sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Barthélemy dúró níwájú ìyá olóògbé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní etígbọ̀ọ́ Albertine, ohun tí wọ́n ní kó má sọ.

Ìyá Àwáwù gbọ́ ọ tán. "Ìwọ lo sọ ọ́," ó ní. "Ọmọ ìjọ kan náà ni yín. Ẹni tó ṣe é ni mo ní kó sọ ọ́."

Síbẹ̀, nítorí aṣọ ìjọba tó wà lọ́rùn Barthélemy, ó gbà kí Albertine gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò gbà kó jókòó ti òun. Albertine dúró lọ́tọ̀, ó di igi ọkọ̀ mú. Barthélemy jókòó ti awakọ̀.

Ọ̀nà Kaboua gba baríà kọjá. Ọ̀pá irin wà nílẹ̀. Ọmọ ológun tuntun kan ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ àfi Ìyá Àwáwù. Ó ní kí wọ́n ṣí pósí.

"Òkú ni," ni Barthélemy wí.

"Òfin ni, ọ̀gá. Ohunkóhun tó bá ní ìdérí."

Barthélemy wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tí agbára ìjọba wà nínú rẹ̀, kò sì rí ohun tó lè fi í ṣe. Wọ́n ń yọ ìṣó àkọ́kọ́ nígbà tí Clément jáde láti bíróò. Ó rí pósí. Ó rí àwọn obìnrin nínú oòrùn. Ó padà wọlé, ó bu omi sínú ife, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń gbé e fún ẹni tó bá dé láti ọ̀nà jíjìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nà án sí opó náà.

"Ẹ gba omi, ìyá."

Albertine gba ife náà. Ó fọwọ́ kan ara rẹ̀ láti mọ bó ṣe rí. Kò mu ún. Ó dá a padà sí i lọ́wọ́.

"Ẹ fún àlejò yín," ó ní.

Kò gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n ife bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ Clément, omi ń dà sí bàtà rẹ̀.  Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àwáwù wò ó láti orí ọkọ̀, ó wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó wo ojú tó rẹlẹ̀. Ó wò ó títí omi fi tán nínú ife.

"Ẹ kan ìṣó yẹn padà," ni Clément wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Nígbà tí Albertine gun ọkọ̀ padà, ìyá ọkọ rẹ̀ sún díẹ̀ lórí àga. Ó fi ọwọ́ gbá eruku ibẹ̀ kúrò. Albertine jókòó tì í.

Ọ̀pá irin gòkè, ọkọ̀ sì kọjá, ọ̀pá sì tún sọ̀ kalẹ̀. Barthélemy bojú wẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ti dúró. Ẹnikẹ́ni kò tíì pàṣẹ fún àwọn èrò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti ń tú ẹrù wọn sílẹ̀ nínú oòrùn.